Ẹnì kan, káàdì mẹ́ta: bí àkọsílẹ̀ ọsibítù ṣe lè tú àṣírí oògùn tó ń ṣeni léṣe

Láti Ẹdẹ náà ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Oògùn la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, èyí tó bá gbòdì lára. Láti ìgbà tí a ti ṣe ètò lórí ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ ti ń béèrè lọ́wọ́ mi pé, báwo ni àwọn tó ń bójú tó oògùn ṣe ń mọ̀ pé oògùn kan ń ṣe èèyàn léṣe, nígbà tó jẹ́ pé aláìsàn ló ń lò ó, tí àìsàn náà sì lè ṣe é léṣe? Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi bẹ̀rẹ̀.

Màámi Àgbà la máa ń pè wọ́n nínú ilé. Ní ọdún kan, ikọ́ ń da wọ́n láàmú, wọ́n ra Septrin ní kẹ́míìsì, wọ́n lò ó. Nígbà tó tó bí ọjọ́ mẹ́wàá, ètè wọn wú, ẹnu wọn bó, ojú wọn pọ́n bí ata, awọ ara wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bíi ti ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. A gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá kan ní ìlú mìíràn, wọ́n lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀, Ọlọ́run sì yọ wọ́n. Dókítà tó tọ́jú wọn fi báírò pupa kọ ọ́ gàdàgbà sórí káàdì wọn pé ìyá yìí ò gbọdọ̀ lo oògùn kankan tó bá ní sulfa nínú mọ́ láyé. Káàdì náà wà ní ọsibítù yẹn. Ibẹ̀ ló sì wà di òní.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ibà dé. Ọmọ wọn gbé wọn lọ sí kílíníìkì tó sún mọ́ ilé. Nọ́ọ̀sì béèrè ohun tó yẹ kó béèrè: "Màámi, ṣé oògùn kan wà tí kì í bá yín lára mu?" Wọ́n ní, "Septrin ni o. Septrin nìkan." Ó kọ Septrin sílẹ̀. Oògùn tí wọ́n wá fún wọn ni Fansidar. Orúkọ méjèèjì ò jọra, pálí wọn ò jọra, àmọ́ ọmọ ìyá ni wọ́n: sulfa wà nínú àwọn méjèèjì. Ojú ló bá wọn jà jù ní ìgbà kejì yìí. Ojú òsì wọn ò ríran mọ́.

Ṣé ó yẹ kí ẹni tó kọ oògùn náà mọ̀? Ó yẹ kó mọ̀. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, torí ohun tí mo fẹ́ sọ ju ibẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni oògùn fẹ́ pa ìyá yìí, kò sì sí ẹ̀ẹ̀kan tí ẹnikẹ́ni kà á mọ́ nǹkan kan. Ìwé tó sọ pé awọ wọn ṣí wà ní ìlú kan, ìwé tó sọ pé wọ́n gba Fansidar wà ní ìlú mìíràn, ti Septrin ò tiẹ̀ sí nínú ìwé kankan rárá, torí kẹ́míìsì kì í kọ orúkọ ẹni tó ra oògùn. Lójú ìwé orílẹ̀-èdè yìí, oògùn kankan ò ṣe Màámi Àgbà ní nǹkan kan.

Èmi fúnra mi ti ṣiṣẹ́ ní yàrá káàdì rí, fún ọdún mẹ́fà, kí n tó bọ́ sídìí maikirofóònù. Ẹni tó bá ti dúró lẹ́yìn fèrèsé yẹn rí mọ ohun tí mò ń sọ. Obìnrin kan á dé lónìí, orúkọ bàbá rẹ̀ ni á fi ra káàdì. Lọ́dún tó ń bọ̀ ó ti lọ́kọ, orúkọ ọkọ ni á fi ra òmíràn, torí èyí àkọ́kọ́ ti sọnù. Tó bá bímọ tán, Ìyá Ìbejì ni. Ọjọ́ orí ńkọ́? "Ẹ ṣáà kọ 40 síbẹ̀." Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, 40 náà ni. Nọ́ńbà fóònù? Ti ọmọ rẹ̀ ni, ọmọ ọ̀hún sì ti pààrọ̀ síìmù. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé káàdì kan ni gbogbo ilé ń lò: ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá, oyún ìyàwó, ikọ́ ọmọ, gbogbo rẹ̀ wà nínú fáìlì kan.

Ní ìlú bíi Ẹdẹ tí orúkọ Mùsùlùmí pọ̀ sí, ó tún le sí i. Ibrahim àti Bùráímọ̀, orúkọ kan náà ni. Hamzat àti Àmúsà, orúkọ kan náà ni. Bí akọ̀wé bá ṣe gbọ́ ọ ni yóò ṣe kọ ọ́. Àwọn Amẹ́ríkà ní ọgbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní Soundex, tó ti wà láti 1918, tí wọ́n fi ń kó orúkọ tó dún bákan náà jọ: lẹ́tà àkọ́kọ́ á dúró, fáwẹ̀lì á lọ, àwọn kọ́ńsónáńtì tó kù á di nọ́ńbà. Mo jókòó dán an wò lórí ìwé. Adéwálé di A340. Adéọlá náà di A340. Adélayọ̀ náà, A340! Ẹni mẹ́ta di ẹnì kan. Ibrahim wá di I165, Bùráímọ̀ di B650: ẹnì kan di ẹni méjì. Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́. Tí wọ́n bá so àkọsílẹ̀ Adéwálé mọ́ ti Adéọlá, oògùn tí ẹnì kan lò lè di èyí tí wọ́n sọ pé ó ba kíndìnrín ẹlòmíràn jẹ́.

Àwọn ìpalára kan wà tí kò nílò ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ogójì ọdún, ẹ ò ní gbàgbé Nivaquine. Chloroquine ni. Ẹ lò ó lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ara ń yún yín bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Àwọn kan ń fi Piriton tì í lẹ́yìn, àwọn mìíràn ń dà á nù kí wọ́n tó lò ó tán. Ìwé àwọn òyìnbó ò fi bẹ́ẹ̀ ka ìyún yìí sí, torí kì í sábà yọ àwọn aláwọ̀ funfun lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà wa ní Ìbàdàn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìwádìí rẹ̀ tí wọ́n sì gbé e jáde. Kí ló jẹ́ kó rọrùn láti mọ̀? Ó pọ̀, ó sì ń yá. Ẹni tó bá lo oògùn lónìí tí ara ń yún lónìí kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un.

Èyí tó ṣọ̀wọ́n, tó sì pẹ́ kó tó jáde, ni kò ṣeé fi ojú lásán rí. Kí oògùn tó dé ọjà, wọ́n á ti dán an wò lára èèyàn, ó lè jẹ́ 1,000, ó lè jẹ́ 3,000. Tí wọ́n bá dán an wò lára 3,000 tí nǹkan kan ò ṣe ẹnikẹ́ni, ó ṣì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan nínú 1,000 ni yóò pa. Nígbà tí mílíọ̀nù èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ẹ ṣírò iye òkú tí ìyẹn jẹ́. Dókítà kan lè má rí ju ẹyọ kan lọ nínú gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́, á sì sọ pé bóyá àmúwá Ọlọ́run ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ My Pikin. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, àmọ́ kò sí bí a ṣe lè fò ó. Ní oṣù kọkànlá 2008, ọsibítù kan fi tó iléeṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ létí pé àwọn ọmọdé ń dé tí wọn ò tọ̀ mọ́, kíndìnrín wọn ti dá iṣẹ́ sílẹ̀, wọn ò sì mọ ìdí rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní Zaria, wọ́n wà ní Èkó, wọ́n wà ní Ìbàdàn. Ara gbígbóná, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, ta ni kò rí ìyẹn lára ọmọ rí? Ohun tó tú àṣírí náà ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ìyá léèrè ohun tí wọ́n ti fún ọmọ lò. Orúkọ oògùn eyín kan ṣáà ń jáde: My Pikin Baby Teething Mixture, tí ilé iṣẹ́ Barewa Pharmaceuticals ní Èkó ń ṣe. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, diethylene glycol ni wọ́n bá nínú rẹ̀, irú nǹkan tí wọ́n ń fi sínú omi búréèkì mọ́tò. Ẹni tó ta ohun èlò fún wọn ló tà á bíi pé propylene glycol ni, èyí tó ṣeé fi po oògùn. Ọmọ 84 ló kú. Ní 2013, ilé ẹjọ́ rán òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà méjì lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méje.

Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ní 1990, oògùn parasítámọ́ọ̀lù olómi tó ní májèlé yìí kan náà pa ọmọ 47 ní Jos. Ní 2022, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Gáḿbíà, àwọn ọmọ tó lé ní 60, oògùn ikọ́ ni wọ́n lò ní tiwọn.

Àwọn kan á ní, tí kọ̀ǹpútà bá ti so gbogbo ọsibítù pọ̀ ní 2008, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Èmi ò gbà á tán. Àkọsílẹ̀ ọsibítù ì bá fi hàn kíákíá pé kíndìnrín àwọn ọmọdé ń kú ní ìlú mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ì bá sì gba ẹ̀mí àwọn kan là, torí ọmọ díẹ̀ níbí àti ọmọ díẹ̀ lọ́hùn-ún kì í dẹ́rù bani títí tí wọ́n á fi kó wọn sórí ìwé kan. Àmọ́ kò ní lè dárúkọ oògùn náà. Kẹ́míìsì ni wọ́n ti rà á, owó ni wọ́n san, kò sí ẹni tó kọ nǹkan kan. Ẹnu àwọn ìyá nìkan ni àkọsílẹ̀ tó wà.

Kí la wá ní lọ́wọ́? A ní fọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè ti NAFDAC. Bí oògùn bá gbòdì lára ẹnì kan, dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí famasísìtì á kọ ọ́ síbẹ̀, á fi ránṣẹ́. Láti 2020, ó ti wà lórí fóònù náà, Med Safety lorúkọ áàpù rẹ̀, aláìsàn fúnra rẹ̀ sì lè kọ ọ́. Ní 2004 ni Nàìjíríà wọ ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń kó irú ìròyìn yìí jọ lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé, Uppsala ní Sweden ni wọ́n ń kó o sí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló bẹ̀rẹ̀ káàdì ìyeyè tiwọn ní 1964, lẹ́yìn tí oògùn kan tó ń jẹ́ thalidomide ti jẹ́ kí wọ́n bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wọn ò pé.

Fọ́ọ̀mù yìí wúlò, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò wúlò. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí kò lè dáhùn láéláé. Ká ní fọ́ọ̀mù mẹ́wàá dé Àbújá nípa oògùn kan. Ẹni mẹ́wàá nínú mélòó? Tó bá jẹ́ nínú 100, ẹ kó oògùn náà kúrò lọ́jà lónìí. Tó bá jẹ́ nínú mílíọ̀nù kan, ó lè jẹ́ oògùn tó dáa jù lọ tí a ní. Fọ́ọ̀mù ò lè sọ "nínú mélòó," torí ẹni tó lo oògùn tí nǹkan kan ò ṣe, ilé rẹ̀ ló lọ.

Ibí yìí ni àkọsílẹ̀ tí wọ́n so pọ̀ ti wúlò. Ẹ fojú inú wò ó pé ìwé méjì wà lórí tábìlì. Ìwé kan ni ti ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn: lágbájá gba oògùn báyìí ní ọjọ́ báyìí. Ìwé kejì ni ti ọsibítù: lágbájá dé pẹ̀lú àìsàn báyìí ní ọjọ́ báyìí. Tí nọ́ńbà kan náà bá wà lórí ìwé méjèèjì, ẹ lè ka gbogbo ẹni tó lo oògùn A, kí ẹ ka mélòó nínú wọn ló padà wá pẹ̀lú àìsàn kíndìnrín, kí ẹ wá ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó lo oògùn B fún irú àìsàn kan náà. Ọjọ́ tún wà níbẹ̀, ẹ ó mọ èyí tó ṣáájú: ṣé oògùn ló kọ́kọ́ dé ni, àbí àìsàn? Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọmọ tí ara rẹ̀ ti gbóná tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún ní oògùn eyín.

Ẹ kíyè sí i pé mo ní "fún irú àìsàn kan náà." Ẹni tó ń lo oògùn làkúrègbé ti dàgbà, ọkàn rẹ̀ náà ti dàgbà. Tí a bá fi wé àwọn ọ̀dọ́ tí kò lo nǹkan kan, gbogbo oògùn làkúrègbé ni yóò dàbí apani. Ní Amẹ́ríkà, oògùn kan wà tó ń jẹ́ Vioxx, ti làkúrègbé ni, wọ́n gbé e jáde ní 1999. Dókítà David Graham, tó ń ṣiṣẹ́ ní FDA, iléeṣẹ́ tó dàbí NAFDAC tiwọn, lọ yẹ àkọsílẹ̀ Kaiser Permanente wò ní California, èèyàn mílíọ̀nù 1.4. Kí ló dé tó fi jẹ́ Kaiser? Torí pé Kaiser ló ni ọsibítù, Kaiser ló ni dókítà, Kaiser ló ni ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn, nọ́ńbà kan ṣoṣo sì ni aláìsàn ní níbi gbogbo. Ó fi àwọn tó lo Vioxx wé àwọn tó lo oògùn làkúrègbé mìíràn, ó sì rí i pé àìsàn ọkàn òjijì pọ̀ sí i lára àwọn tó lo Vioxx. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é kó o kúrò lọ́jà ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2004. Ìṣirò tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2005 ni pé èèyàn 88,000 sí 140,000 ló ṣeé ṣe kí ó ti kó àìsàn ọkàn bá ní Amẹ́ríkà nìkan.

Ìwé yìí kan náà máa ń dá aláìṣẹ̀ láre. Nígbà tí ariwo gba ayé pé abẹ́rẹ́ àjẹsára èébó ń fa àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní autism, àwọn ará Denmark ṣí ìwé wọn. Láti 1968 ni gbogbo ará ìlú wọn ti ní nọ́ńbà kan. Wọ́n wo ọmọ 537,303, tí wọ́n bí láàárín 1991 sí 1998, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ àti àwọn tí kò gbà á. Kò sí ìyàtọ̀. Mo máa ń ronú nípa ìyẹn tí mo bá rántí 2003, nígbà tí Kano kọ àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ nítorí ahesọ. A ò ní ìwé tí a lè ṣí.

Ẹ lè máa sọ lọ́kàn yín pé òyìnbó nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Botswana, Áfíríkà bíi tiwa. Ní 2014, àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tsepamo. Ní ọsibítù ńlá mẹ́jọ, nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí á yẹ ọmọ wò láti orí dé ẹsẹ̀, á kọ ohun tó rí sílẹ̀. Káàdì oyún ìyá wà lọ́wọ́ ìyá. Orúkọ oògùn tó ń lò àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Wọ́n á so méjèèjì pọ̀, ó tán. Kò sí iná mànàmáná kankan nínú ìyẹn.

Ní 2018, wọ́n rí nǹkan kan tó dáyà fo gbogbo ayé. Oògùn HIV tuntun kan, dolutegravir, tó lágbára, tí gbogbo Áfíríkà ń múra láti gbà wọlé: nínú obìnrin 426 tó ti ń lò ó kí oyún tó dúró, ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí tí ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí agbárí wọn ò pa dé nínú oyún. Lára àwọn tó ń lo oògùn HIV mìíràn, 14 péré ni nínú 11,300. Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn: ẹnì kan nínú bí 100, ẹnì kan nínú bí 800. Ìkìlọ̀ jáde káàkiri. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fà sẹ́yìn, àwọn kan ò fẹ́ fún obìnrin tó ṣì lè bímọ ní oògùn náà rárá, bẹ́ẹ̀ èyí tí wọ́n fi ń dípò rẹ̀ ò dáa tó o.

Àwọn ará Botswana ò dáwọ́ kíkà dúró. Ní 2019, ó di márùn-ún nínú 1,683. Ní 2020, méje nínú 3,591. Bí obìnrin tó ń lò ó ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ ń dín kù, títí tó fi parẹ́ pátápátá. Mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn, bí ẹni ta ayò tí ojú kan náà jáde lẹ́ẹ̀mẹ́rin ni. Ká ní fọ́ọ̀mù mẹ́rin lásán ló dé sí ọ́fíìsì kan, oògùn náà ì bá ti kú síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé wọ́n ti pa ohun rere. Dolutegravir ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ní HIV ń lò ní Nàìjíríà lónìí.

Nílé ńkọ́? Ní 2009, NAFDAC àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ̀ lé àwọn aláìsàn ibà tó lé ní 3,000, tí wọ́n ń lo àwọn oògùn ibà tuntun tó rọ́pò Nivaquine, ní agbègbè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà orílẹ̀-èdè yìí. Wọn ò dúró de ẹni tí yóò wá fẹjọ́ sùn, àwọn ni wọ́n ń wá aláìsàn kiri láti béèrè pé, "Báwo lara?" Iṣẹ́ àtàtà ni, àmọ́ ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa 3,000. Ilé ìtọ́jú HIV ló sún mọ́ ti Kaiser jù níbí: ibi kan náà ni wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba oògùn. Ìjọba àpapọ̀ tún gbé ètò kan kalẹ̀ ní 2024 láti so àkọsílẹ̀ ìlera pọ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè, NIN sì ti wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa.

Nígbà míì ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì máa ń dùn mí. Ní Ẹdẹ níbí, ní Redeemer's University, ni wọ́n ti ka àbùdá kòrónà ní oṣù kẹta 2020, àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà. Ìlú tó lè ka ohun tí ojú ò rí, òun náà ni ìyá kan ti lè di ẹni mẹ́ta láàárín ọsibítù mẹ́ta.

Ẹrù kan wà tí mi ò ní bò mọ́lẹ̀. Ẹdẹ ò tóbi. Obìnrin tó ń gba oògùn HIV ní Òṣogbo nítorí kí orogún rẹ̀ má bàa rí i níbí, kò ní fẹ́ gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ so ìwé rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é dáadáa, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń so ìwé pọ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń ka iye; kí ìwé tó dé ọwọ́ ẹni tó ń kà, wọ́n á ti yọ orúkọ, àdúgbò àti nọ́ńbà fóònù kúrò, nọ́ńbà àdììtú kan ló máa kù. Òfin tó dáàbò bo àkọsílẹ̀ ara ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti 2023. Àmọ́ èmi tí mo ti wà ní yàrá káàdì mọ bí ẹnu ṣe ń yọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ so ìwé wa pọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn wá ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà àti ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ìyẹn tó dé, ohun tí a ń ṣe nílé wa nìyí. Mo ra ìwé ògbóǹkan fún Màámi Àgbà, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò. Ojú ewé àkọ́kọ́: orúkọ wọn bó ṣe wà lórí NIN, kò gbọdọ̀ yí padà ní ọsibítù kankan mọ́. Lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú báírò pupa: sulfa, kò sí, Septrin, Bactrim, Fansidar, kò sí. Láti ewé kejì, gbogbo oògùn tí wọ́n bá lò, ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ibi tí wọ́n ti rà á. A sì ń fi gọ́ọ̀mù lẹ páálí rẹ̀ mọ́ ọn, níbi tí nọ́ńbà batch wà. Nọ́ńbà batch yẹn ṣe pàtàkì, òun ló ń sọ ọjọ́ tí wọ́n po oògùn náà àti àwọn ìgò tí wọ́n jọ pò pọ̀.

Famasísìtì kan bá wa kọ ìtàn méjèèjì sórí fọ́ọ̀mù NAFDAC, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún ti gorí ọdún. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè bí aláìsàn ṣe wà báyìí, ó gbójú sókè wò wọ́n. Màámi Àgbà ní, "Kọ ọ́ pé mo wà láàyè. Kọ ojú náà sí i."

Famasísìtì náà ti ṣèlérí pé òun á bá wa jókòó nínú ètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, láti kà fún wa àwọn oògùn tí orúkọ wọn yàtọ̀ tó jẹ́ pé ohun kan náà ló wà nínú wọn. Ẹni tí oògùn kan bá ti gbòdì lára rẹ̀ rí, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa ṣáájú ìgbà náà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe dárúkọ dókítà tàbí ọsibítù. Orúkọ oògùn àti ohun tó ṣe yín ti tó.